Ìbéèrè mẹ́wàá péré, kí ló ń gba oṣù mẹ́sàn-án?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Midrand ni mo wà, ní ìtòsí Johannesburg. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan là ń ṣe áàpù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ti ilé dé ilé. Òṣìṣẹ́ á jókòó ti òbí, á máa ka ìbéèrè fún un lórí fóònù: ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ńkọ́, ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tó yẹ kí dókítà rí. PEDS, ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń bi òbí léèrè nípa ọmọ rẹ̀, ni wọ́n ní ká lò, ìbéèrè mẹ́wàá péré ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ ní èdè Zulu. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀, mo fún gádì wa, ọmọ Nongoma, Zulu pọ́ńbélé, kó bá mi tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Láàárín mọ̀gàríbì sí ìṣáà ó ti parí ẹ̀. Igba rand ni mo fún un, inú ẹ̀ dùn. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa dá a padà. Wọ́n ní ká lọ ṣe é bó ṣe yẹ, pé ó lè gba oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́sàn-án! Ọmọ ni wọ́n fẹ́ bí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

*

Àbúrò, gádì yẹn, ṣé ó ti bímọ? Fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu wọn ni mò ń ṣe ní Durban, ọdún kọkànlá mi rèé. Zulu tí mo gbọ́, ẹnu àwọn ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ wá sí kílíńìkì ni mo ti kọ́ ọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìtumọ̀ irú èyí lẹ́ẹ̀mejì. Títú ọ̀rọ̀ ò gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ohun tí ìyá ọmọ gbọ́ nígbà tí o kà á sí i létí, wíwá ìyẹn rí ló ń jẹ oṣù tó kù.

Kó o tó bínú, gbìyànjú ẹ̀ ní Yorùbá ná. Ìbéèrè kìíní ń fẹ́ mọ ohun tó ń kọ òbí lóminú nípa ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ìdàgbàsókè rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀. Ta ló ń pe ti ọmọ ọwọ́ ní ìdàgbàsókè nínú ilé? Ti ìlú la mọ̀: títì, omi, iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà. Zulu náà ní tiẹ̀, intuthuko, ẹnu àwọn olóṣèlú ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bó o bá sá fún un lọ bá ukukhula, tí í ṣe dídàgbà, ìyá á na ìwé ìlera ọmọ sí ọ kó o wo ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, torí ní kílíńìkì, dídàgbà ò ju orí òṣùwọ̀n lọ. Ọmọ ń wúwo sí i, ó ń dàgbà, kí ló tún kù? Pé ọmọ ọdún méjì ò tíì pe mama, ìyẹn ò sí nínú ukukhula lójú tirẹ̀.

Ti ìṣesí ló wá burú jù. Ukuziphatha ni wọ́n sábà máa ń fi túmọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà tiwa. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé ṣé ìwà ọmọ yín ń kọ yín lóminú, kí lẹ máa gbọ́? Olè, irọ́, àfojúdi. Bó bá jẹ́ ọmọge, ọkùnrin. Ukuziphatha rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n wá ń bi ìyá ọmọ oṣù mẹ́sàn-án bóyá ọmọ rẹ̀ ń ṣe bí ọmọlúàbí.

*

Mo ti ka èsì yín. Ó tó ẹni mẹ́fà tó ní kí àbúrò wa kàn wá ẹlòmíràn tí kò fojú kan ti Gẹ̀ẹ́sì rí, kó tú ti Zulu padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá fi méjèèjì wé ara wọn. Bó bá mu, ó parí. Ẹnì kan tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe iṣẹ́ báńkì, wọ́n sì sanwó.

Ó ń ṣèrànwọ́, mi ò jiyàn. Òun ló gbà wá lọ́wọ́ inyanga. Oṣù ni inyanga, òṣùpá sì ni. Oníṣègùn ìbílẹ̀ náà, inyanga ni wọ́n ń pè é, bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ wọ́n torí Zulu kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kan dá ìwé wa padà fún wa pé "ọmọ tó ti pé oníṣègùn méjìdínlógún". A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ò séwu, kò sí ìyá tó máa ṣì í gbọ́. Èyí tó léwu ni èyí tó padà dé Gẹ̀ẹ́sì láìyẹ̀ gẹ́rẹ́. Ìdáhùn mẹ́ta ni PEDS ní: bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Cha, yebo, kancane. Ta ló máa bá kancane jà? Díẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè èyíkéyìí tó bá wù yín, ẹ ṣí i. A gbé e lọ dán wò ní kílíńìkì kékeré kan lápá Àfonífojì Ẹgbẹ̀rún Òkè, ẹ̀yìn Durban níbẹ̀. Ìbéèrè náà rèé: Ingabe kukhona okukukhathazayo ngendlela ingane yakho ekhuluma ngayo? Ǹjẹ́ ohun kan wà tó ń dà ọ́ láàmú nípa bí ọmọ rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀?

Kí aago mẹ́wàá tó lù, ìyá mẹ́ta ti dáhùn kancane. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń dà wọ́n láàmú díẹ̀. Ọmọ ìyá kẹta wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ó ń bá bàtà nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Mo wá bi ìyá náà pé kí gan-an ló ń dà á láàmú. Ó ní kò sí o. Ó ní ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ kancane, díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ̀ wá mọ̀ ọ́n. Àwa ń wọn àníyàn, òun ń wọn ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ. Ìyá kìíní ńkọ́, tí ọmọ tirẹ̀ ò fọhùn rárá? Kancane kan náà ló sọ. A sáré jáde lọ pè é padà, ó ti wọ takisí.

Kò sí ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì tó lè rí ìyẹn, torí díẹ̀ á padà di díẹ̀ ni. A wá fa ìdáhùn náà gùn: "bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni." Àbúrò, bọ́tìnì orí áàpù rẹ kò ní gbà á. Fẹ̀ ẹ́.

*

Ẹni tó ní èdè Zulu ò gba irú ìbéèrè yìí bíi Gẹ̀ẹ́sì, jọ̀ọ́, dákẹ́ ná. Àwọn ibì kan wà tó tiẹ̀ dáa ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gbogbo he àti she tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya ọmọ ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ọmọ obìnrin, tó kún inú ìwé wọn, Zulu ò nílò rẹ̀, bí "ó" tiwa náà ni. "Kò tíì" sì wà lára ọ̀rọ̀ ìṣe wọn fúnra rẹ̀: ayikahambi, kò tíì rìn. Ìwé ASQ, irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mìíràn tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Oregon, ìbéèrè mẹ́fà mẹ́fà lórí ọ̀nà márùn-ún, ìdáhùn rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn, kò tíì: máàkì 10, 5, 0. "Kò tíì" yẹn rọ̀ mí lọ́kàn. Ìyá tí kò ní fẹ́ sọ "rárá" lójú nọ́ọ̀sì á sọ "kò tíì", torí ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ìbéèrè tó ní "kò" nínú. "Ṣé kò sí ohun tó ń dà ọ́ láàmú?" Yebo. Yebo kò sí, àbí yebo ó wà? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bá a ṣe ń dáhùn nílé nìyẹn.

*

Obìnrin kan kọ̀wé pé òun ò rí ìdí tí èdè fi máa ṣòro nígbà tó jẹ́ pé ọmọ kan náà ni gbogbo ayé ń bí. Ọmọ tó ń jókòó, tó ń rá, tó ń tẹ̀tẹ́, ibi gbogbo ló wà. Òótọ́ ni. Bí ìbéèrè bá dúró lórí ẹsẹ̀ àti ìdí, iṣẹ́ ò le. (Ó le díẹ̀. Ilé tí kò ní àtẹ̀gùn, báwo lo ṣe máa béèrè bóyá ọmọ ń gun àtẹ̀gùn? Ilé tí wọ́n ń fi ọwọ́ jẹun, ẹ fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀.) Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ìbéèrè bá ti kan ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ.

M-CHAT-R ni ẹ jẹ́ ká mú, èyí tí wọ́n fi ń wá àmì autism (ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń kan bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn lò) lára ọmọ oṣù 16 sí 30. Ogún ìbéèrè ni. Wọ́n ń béèrè bóyá ọmọ ń fi ìka kan nàka sí ohun tó fẹ́, àti sí ohun tó fẹ́ kí o bá òun wò. Nínàka ni ukukhomba. Iye méje ní Zulu, isikhombisa, ibẹ̀ ló ti wá, torí bí wọ́n bá ń fi ìka kà á, ìka ìnàka ló ń bọ́ sí méje. Nítorí náà ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan ń sọ cha, pé ọmọ àwọn kì í nàka, wọ́n sì ń fi ìgbéraga sọ ọ́. Ọmọ tí a kọ́ kì í nàka sí èèyàn. Ìkúùkù ni wọ́n ń dì júwe ibojì. Àwa tá a ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣé ó yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti lóye? Ìyá gbọ́ ìbéèrè ẹ̀kọ́ ilé, ó dáhùn pé mo kọ́ ọmọ mi. Ọmọ náà sì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ tó ń nàka sí bírò tó wà lọ́wọ́ mi.

Ti wíwo ojú náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń wo àgbà lójú kòrókòró, àfojúdi ni. A ní láti sọ pé nígbà tí o bá ń bá a ṣeré, nígbà tí o bá ń wẹ̀ ẹ́, nígbà tí o bá ń wọṣọ fún un, ká tó gba ìdáhùn tó jẹ́ ti ọmọ náà. Roy Richard Grinker, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Nola Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ti ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan yìí láàárín àwọn ọmọ elédè Zulu ní KwaZulu-Natal. Ìwádìí wọn jáde ní 2017. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá a kà ná.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ìbéèrè kejì nínú ogún yẹn: ṣé o ti rò ó rí pé bóyá adití ni ọmọ rẹ? Ìyá àgbà kan ni a kà á fún ní Inanda. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wò mí. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó fi táwẹ́ẹ̀lì dì í, ó so ó níwájú àyà, kò yára. Ó ní, "Mi ò gbé ọmọ wá síbí kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ." Ó lọ. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ì bá ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá kọ́kọ́ ní ẹnu yín kọ́.

Ohun tá a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni: ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé ọmọ yìí ò gbọ́ ohùn rẹ? Ó rọ̀ létí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè dédé yí i padà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún dókítà àti olùwádìí ní ìwé náà, àmọ́ àtúnṣe tàbí ìtumọ̀, àfi kẹ́ ẹ gba àṣẹ. Ìdúró dè àṣẹ wà nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn, àbúrò.

*

Ṣé ẹ rí ìjà "Zulu wo ni ká lò?" Mo mọ̀ pé ó máa wọlé. Ìkànìyàn 2022 ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní Gúúsù Áfíríkà, ó lé ní 24 tó jẹ́ Zulu ni wọ́n ń sọ nílé. Ọmọ Nongoma wà nínú wọn, ọmọ Soweto tó ń po Zulu pọ̀ mọ́ Sotho àti Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ wa, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè kan kò gbà kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan wọlé. Ìjìnlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nompilo kan, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ń ka iṣẹ́ bàbá náà sókè, ó dé àárín ọ̀nà, ó gbójú sókè ó ní, "Baba, èmi gan-an ò mọ ohun tí mò ń béèrè." Ọjọ́ yẹn la ṣiṣẹ́ jù.

Kíka nǹkan: isishiyagalolunye ni mẹ́sàn-án. Ẹ tú u: fi ọ̀kan sílẹ̀, ìka ló ń sọ. Ó rẹwà, ó bá ẹ̀ẹ́dógún tiwa tan, márùn-ún dín lógún. Ọmọ ọdún mẹ́rin wo ló ń sọ ọ́? Wan, thu, thri ni wọ́n ń kọ́ wọn ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí o bá béèrè bóyá ọmọ mọ oókà, ìyá àgbà á ní kò mọ̀ ọ́n, torí ti Zulu ló ń retí. Àwọ̀ ńkọ́? Luhlaza ni ewé, luhlaza ni ojú ọ̀run. Bó o bá fẹ́ yà wọ́n, o ní láti sọ pé bíi koríko tàbí bíi sánmà. Ọmọ tó pe méjèèjì ní luhlaza gba òdo lórí ìwé tí kò mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ti kọ́ ọmọ ní dúdú, funfun, pupa ní ilé Yorùbá, kó má rẹ́rìn-ín.

*

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn, kí wọ́n yé túmọ̀ ti oyinbo." Ẹni mẹ́rin ló ti sọ èyí, mo sì wà lẹ́yìn wọn ní ìdajì. Ní Màláwì wọ́n ṣe é: MDAT, Melissa Gladstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2010, wọ́n yọ ohun tí ọmọ abúlé ò rí rí, wọ́n fi ohun tó mọ̀ sí i. Ọdún ni wọ́n fi ṣe é o, kì í ṣe oṣù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti gbé ìwé àyẹ̀wò ọmọ tiwọn, GSED, jáde ní 2023. Ṣùgbọ́n àbúrò wa ní áàpù tó gbọ́dọ̀ gbé dé iwájú oníṣẹ́.

Nítorí náà, kó o tó ṣe ohunkóhun: lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni PEDS bóyá Zulu rẹ̀ ti wà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Pretoria ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Zulu àti Sotho Àríwá. Ó lè jẹ́ pé ohun tí o fẹ́ ṣe ti wà nílẹ̀. Bí kò bá wá sí, bí oṣù mẹ́sàn-án ṣe ń lọ nìyí: àṣẹ, ògbufọ̀ méjì tí kò rí iṣẹ́ ara wọn, ìjókòó tí wọ́n ti ń pa á pọ̀, títú u padà, ìgbìmọ̀ tí nọ́ọ̀sì, nompilo àti ìyá ọmọ wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìbéèrè, ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́rọ̀ ara wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ bi ní ìbéèrè ló máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Kí gbogbo ìyẹn sì tó sọ pé iye máàkì tí wọ́n fi ń dá ọmọ Amẹ́ríkà dúró bá ọmọ Umlazi ní Durban mu, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, mi ò ní fi dẹ́rù bà ọ́ lónìí.

*

Àbúrò wa ti padà wá. Gádì ti bímọ. Ọmọbìnrin, ọdún méjì, ó wà ní Nongoma lọ́dọ̀ ìyá gádì fúnra rẹ̀. Oṣù Kejìlá nìkan ló ń rí i. Àbúrò ní kí ni kó ṣe, mo ní kó bá mi pe ìyá náà lórí fóònù, kó gbé e sókè kí gbogbo wọn máa gbọ́, kí gádì ka ìbéèrè ti ukuziphatha nìkan bó ṣe tú u, kó má ṣàlàyé ohunkóhun.

Wọ́n ṣe é ní àná. Gádì ka á: ṣé ohun kan wà tó ń dà yín láàmú nípa ìwà ọmọ yín?

Ìyá ní yebo, púpọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tó ti dé Johannesburg ni ìwà rẹ̀ ti yí padà, kì í pe ilé, owó tó ń fi ránṣẹ́ ò tó nǹkan, àwọn èèyàn sì ń sọ fún òun pé ó ti ń mutí.

Ingane yakho, ọmọ yín. Ọmọ tirẹ̀ ló dáhùn nípa rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó di fóònù mú. Àbúrò ní gádì ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láti àná.

Mo ti lọ wo gbogbo àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ wa méjèèjì ní alẹ́ yìí. Ingane yakho la kọ síbẹ̀ láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà, tí wọ́n ń pè ní gogo, ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà wá. Mo máa pe nompilo wa láàárọ̀ ọ̀la kí n bi í pé, tó bá jẹ́ òun, kí ló máa pe ọmọ tó wà lẹ́yìn gogo.